Ẹní Mẹ́fà ní Orí Òkè

Ohun tó ń jí mi láràárọ̀ ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àkàbà ni, kì í ṣe àkùkọ. Àkàbà onígi kan wà nínú yàrá oúnjẹ ilé wa ní Ìdànrè. Igi rẹ̀ kẹta láti ìsàlẹ̀ ti là, bí ìyá mi bá sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń gun àjà lọ, á ké. Èmi á wà lórí ẹní, màá máa fetí tẹ̀lé e: ó ti gòkè, ó ti dúró, ó ti ṣí ìdérí ìkòkò kìíní, ó ti ṣí ti èkejì. Ìkòkò ńlá mẹ́ta ló wà lórí àjà náà, gaàrí nínú méjì, èlùbọ́ nínú ọ̀kan. Àgbàdo tí a so pọ̀ ní méjì-méjì wà lára igi òrùlé, ẹja gbígbẹ wà nínú apẹ̀rẹ̀ níbi tí èéfín ilé ìdáná ń gbà kọjá, iyọ̀ wà nínú agolo bísíkíìtì. Ìṣáná ni ìyá mi fi aṣọ dì kí ó tó kó o sínú ìgò, nítorí ọ̀rinrin. Garawa karosíìnì méjì wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọṣẹ sì wà lórí wọn. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ohun tí à ń jẹ lójoojúmọ́ wà nílé ìdáná. Ti orí àjà, ti ọjọ́ tí kò tíì dé ni.

Òjò ló fà á. Òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta. Iṣu tí wọ́n wà kò ju apá ọmọdé lọ. Àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá láti ọ̀nà Èkìtì, tí a máa ń gbọ́ ariwo wọn ní ọjọ́ ọjà kí a tó rí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, àwọn tó sì dé ń ta nǹkan bí ẹni tó ń ṣe ènìyàn lóore. Ọ̀rọ̀ ìyàn wá gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ ìyá mi wá, láti ìgbà tó sì ti dé ni ẹ̀rù ilẹ̀ Ìdànrè ti ń bà á, nítorí pé kòkó ni gbogbo ènìyàn gbìn débi tí kò fi sí àyè fún iṣu. Bàbá mi, ẹni tó ń gbé inú abà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta ní àsìkò ìkórè, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Bọ́sẹ̀dé, kòkó ń bẹ. Ẹni tó ní kòkó, kí ló ń pa á lẹ́kún?" Ìyá mi á ní, "Ó dáa. Bí ìyàn bá dé, ẹ gún kòkó níyán, kí ẹ fi kòkó se ọbẹ̀ tí ẹ ó fi jẹ ẹ́." Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: ìyàn náà kò dé. Ọ̀wọ́n kan wà, ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n èmi náà ti bímọ, mo ti tọ́ wọn, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ fún abiyamọ tó ti rí ebi nínú ọkàn rẹ̀ tí yóò fi gbà pé kò ní í dé.

Ènìyàn méje ni wá nínú ilé náà. Bàbá mi, ìyá mi, èmi Bọ́sẹ̀dé tí mo wà ní ìwé kẹrin, àti àbúrò mi Délé tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ìyá tó bí bàbá mi, tí a ń pè ní Màmá, ni ẹni karùn-ún. Orí òkè ni wọ́n bí i, orí òkè ló ti lọ sílé ọkọ, ó sì ti di ìyá ọlọ́mọ kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí a wà yìí. Ohùn Ìdànrè àtijọ́ ló ń sọ. Èdè tí gbogbo wa gbọ́ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí. Ẹni kẹfà ni Àǹtí Rẹ̀mí, àbíkẹ́yìn Màmá, ẹni keje sì ni ọmọ ọwọ́ tó gbé wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Oǹdó. Ọjọ́ tó dé, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán, ètè rẹ̀ wú, kò sì mú ẹrù kankan dání àfi ọmọ náà. Bàbá mi wò ó, ó ní, "Ilé bàbá rẹ nìyí. Kò sí ẹni tí yóò lé ọ." Ìyá mi ló gbé omi tí ó fi wẹ̀ kaná. Bí ìyàwó ilé kì í ti í pe ọmọ ọkọ ní orúkọ, Ìbàdíàrán ni ìyá mi ń pè é láti ìgbà tí Àǹtí wà ní kékeré, wọ́n sì máa ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ lórí ààrò. "Ìbàdíàrán, ata yìí pọ̀, àbí o fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ ni?" "Ẹ jẹ́ kí n pa á, kí ẹ lè fẹ́ ẹni tó lówó." Màmá á wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á máa rẹ́rìn-ín láìwẹ̀yìn.

Ìyá mi ní ọ̀nà tó fi ń ṣọ́ gaàrí. Bó bá ti bu gaàrí sínú ìkòkò, á tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, á wá fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láàárín gbùngbùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bù níbẹ̀, àmì ọwọ́ náà á bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo gbọ́ tí àkàbà ké nígbà tó ń gòkè, n kò sì gbọ́ kí ó ké nígbà tó ń bọ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló pè mí jẹ́jẹ́, ó ní kí n gòkè wá. Ó tan fìtílà sí ìkòkò kejì. Àmì ọwọ́ wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere. "Kí lo rí?" Mo ní, "Ọwọ́ yín ni, mà." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí iwájú ojú mi. Ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti tẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ odó ti bà á ní ọmọdé, kò lè nà tán. Ọmọńdinrín tó wà lójú gaàrí nà gbọnran. Ẹnìkan ti bù nínú gaàrí náà, ó tún ojú rẹ̀ tẹ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí a lè rò pé ti ìyá mi ni. Ìyá mi fi ẹyọ igi wọn inú ìkòkò náà: gaàrí ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ. Ohun tó sọ kò kúrò ní etí mi. Ó ní, "Ẹni tí ebi ń pa máa ń bù ú ni, á sì sá. Ẹni tó dúró tẹ́ ojú rẹ̀, ó ń padà bọ̀."

Kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ kò sì kúrò ní ìdí ìyá mi rí. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e, ohun tí kò sì yé ìyá mi, a máa fura sí i títí yóò fi ní ojú àti imú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sá èlùbọ́ sórí ẹní lágbàlá, ó wá ní kí Àǹtí Rẹ̀mí ran òun lọ́wọ́ láti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Mo jókòó, mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo rí i tí ìyá mi dúró, tí ó ń wo ọwọ́ Àǹtí bó ṣe ń kúrò lórí èlùbọ́ náà, àmì kan, àmì kejì, ọmọńdinrín gbọnran.  Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó fẹ́ kí Àǹtí gbé omi wá, kò pe Ìbàdíàrán mọ́. Ó ní, "Ìyá ọmọ, gbé omi yẹn wá." Àǹtí gbójú sókè, ó wò ó, ó sì gbé omi náà wá.

Láti ọjọ́ náà lọ, ìyá mi sọ mí di ojú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ èyí bó ṣe rí gan-an, nítorí pé mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé ọmọdé kò mọ ohun tó ń ṣe. Mo mọ̀. Inú mi dùn. Kò sí ẹni tó tíì fi ọ̀rọ̀ àgbà lé mi lọ́wọ́ rí. Mo ń jí ṣáájú àkàbà, mo ń wo ojú ihò ilẹ̀kùn, mo sì rí i pé ní òwúrọ̀ Ẹtì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Àǹtí pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò, ó sì gba ẹ̀yìnkùnlé jáde. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi: ọjọ́ báyìí, ewé báyìí, ọ̀nà báyìí. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́. Ìyá mi jókòó sórí garawa karosíìnì, ó so ọ̀rọ̀ mi mọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ akẹ́rù ń lọ sí Oǹdó. Ọkọ rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí. Ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ rẹ̀, oúnjẹ ọmọ mi ló sì fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́. Tí ìyàn bá dé ńkọ́? Àwa á máa wo ara wa lójú, wọn á máa jẹun ní Oǹdó." Mo rántí eyín tó kán. Mo ní, "Ṣé kì í nà án mọ́ ni?" Ìyá mi ní kí n dákẹ́.

Bàbá mi wà ní abà. Bí ìyá mi bá dúró dè é, ó mọ̀ pé yóò rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó ní kí n ya ewé kan nínú ìwé àjákọ mi, ó sọ ọ̀rọ̀, mo kọ ọ́. Mo rántí gbogbo rẹ̀. "A kí ọ. Wá mú aya rẹ. Ilé wa kò gbà á mọ́. Ohun tó ń kó jáde pọ̀ ju ohun tó ń jẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Bí o bá fi ọwọ́ líle mú un, kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí." Mo bi í bóyá kí n fi orúkọ Bàbá sí i. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Kọ orúkọ mi." Awakọ̀ ọkọ̀ èrò kan tó ń lọ sí Oǹdó ní ọjọ́ Ajé ló gbé e lọ.

Ìyá mi kò fẹ́ kí ó kù sí èrò. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, ó wé gèlè, ó mú mi lọ́wọ́, a sì tẹ̀ lé Àǹtí láti òkèèrè. Ọyẹ́ ti dé, orí àpáta kò hàn. A retí kí ó yà sí ibùdókọ̀. Kò yà. Ó kọjá ibẹ̀, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè. Ìyá mi dúró. "Níbo ló ń lọ?" Èmi ló bi, bí ẹni pé mo mọ̀. A gòkè tẹ̀ lé e. Mo ń ka àtẹ̀gùn náà títí mo fi ṣì í kà, ìyá mi ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù, ó sì ń sinmi ní gbogbo ibi tí wọ́n ṣe fún ìsinmi. Láti ọjọ́ tó ti wọ ìlú náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti dé òkè. Nígbà tí a dé àárín àwọn ilé àtijọ́, àwọn tí òrùlé wọn ti wó àti àwọn tí arúgbó díẹ̀ ṣì ń gbé, ohùn ọmọ ọwọ́ Àǹtí ló júwe ilé náà fún wa. Ilé bàbá bàbá mi ni.

Àǹtí ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Ó ń da gaàrí sínú ìkòkò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìkòkò mìíràn wà níbẹ̀, ó ti kún, wọ́n fi òkúta dí ẹnu rẹ̀ nítorí ọ̀bọ. Àgbàdo wà lára igi, iyọ̀ wà nínú igbá. Ó rí wa, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà," bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná la ti pàdé.

"Ta lò ń kó o fún?"

"Fún wa ni."

"Àwa wo?"

Àǹtí wo ilẹ̀. "Màmá ló ní kí n má sọ fún yín. Ó ní bí nǹkan burúkú bá máa dé, ojú ọ̀nà ni yóò gbà wọ ìlú, ẹni tó bá kó oúnjẹ sísàlẹ̀, ọ̀tá ló kó o fún. Ó ní orí òkè ló gba àwọn bàbá wa là. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gòkè mọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń rán mi kó o wá."

"Láti ibo? Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ mi."

"Àjà kan náà ló bo yàrá rẹ̀ àti yàrá oúnjẹ, mà. Ihò wà lókè ibùsùn rẹ̀. Òun ló ń gba apẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Èmi ni mo ń gba ihò náà gòkè lọ bù ú, tí mo sì ń tẹ́ ojú rẹ̀."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín kékeré kan, ẹ̀rín ẹni tó ti ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lára aṣọ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà náà ló rí àwọn ẹní. Wọ́n ká wọn, wọ́n fi wọ́n ti ògiri, ẹní tuntun, láti èyí tó gùn dé kékeré tó jẹ́ ti ọmọ ọwọ́. Ìyá mi nawọ́, ó ń kà wọ́n. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. "Mẹ́fà ni," ó wí. "Méje ni wá. Èwo ni tèmi?"

Àǹtí tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ dì.

"Rẹ̀mí." N kò gbọ́ kí ó pe orúkọ yẹn rí, n kò sì gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. "Mo ní èwo ni tèmi?"

"Màmá ní bí ogun bá dé, ìyàwó a máa sá lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é." Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Èmi bi í, mà. Mo ní, 'Ìyá Bọ́sẹ̀dé ńkọ́?' Ohun tó sọ nìyẹn."

Mo wá ẹní tèmi láàárín wọn, mo sì mọ̀ ọ́n nípa gígùn rẹ̀. Ojú tì mí pé mo ní. Ní gbogbo ọdún tí ìyá mi fi ń fura sí ìdílé náà, bàbá mi á ní àlá ló ń lá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni mo ń rántí bí mo bá ń tu ọkàn àwọn ọmọ tèmi lára pé kò sí nǹkan. Mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí n tó sọ ọ́.

Àwa àti Àǹtí jọ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a wọ agbo ilé wa, ọkùnrin kan jókòó sórí àga bàbá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fìlà lé eékún, ewé ìwé mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ojú ọkọ Àǹtí. Ara rẹ̀ kò tóbi. Màmá wà lórí àpótí rẹ̀, kò wò ó. Àǹtí rí i, ó sì fi ẹ̀yìn kan ògiri pẹ̀lú ọmọ tó pọ̀n, tó fi jẹ́ pé ọmọ náà ké.

"Rẹ̀mí, di ẹrù rẹ," ọkùnrin náà wí. "Àwọn ènìyàn rẹ ló ní kí n wá. Mo ti ní kí wọ́n kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n sọ ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ?"

"Má sọ ọ́," ni ìyá mi wí. "Èmi ni mo fi ránṣẹ́. Irọ́ ló wà níbẹ̀. Mo fura, mo ṣìnà. Máa lọ sílé rẹ."

"Irọ́? Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mo fi iṣẹ́ òòjọ́ mi sílẹ̀ láti Oǹdó nítorí irọ́?" Ó dìde. "Ta tilẹ̀ ni yín? Ìyàwó ni yín níbí, bí mo ṣe jẹ́ àna níbí. Àlejò ni wá, àwa méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀." Ó kọjú sí Màmá. "Màmá, ẹ̀yin lẹ bí i. Ṣé kí n mú un lọ?"

Mo wo ìyá mi. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láàárọ̀ ọjọ́ náà lórí òkè, kò sì sí ohun tó lè fi já a ní koro. Bó bá dákẹ́, kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ó bọ́ síwájú, ó dúró láàárín ọkùnrin náà àti Àǹtí, ó tú gèlè rẹ̀, ó dì í mọ́ ìdí.

"Ìbàdíàrán kò lọ sí ibì kankan," ó wí. "Bí o bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, èmi ni kí o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Eyín mi pé."

Ọkùnrin náà ṣì ń wo Màmá. Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé etí rẹ di ni? Onílé ti bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó ju ìwé náà sílẹ̀, ó sọ ohun tí n kò ní í kọ síbí, ó sì lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún mọ́, ìyá mi yíjú sí Màmá. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ ṣeun, Màmá. Onílé tí kò ní ẹní." Màmá ń fi ọ̀pá rẹ̀ ya nǹkan sílẹ̀. Títí tí Màmá fi kú, n kò mọ̀ bóyá wọ́n tún sọ ọ́. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń kí ara wọn dáadáa. Bàbá mi ti abà dé ní ọjọ́ kejì, ó bi wá pé kí ni ìròyìn, ìyá mi sì ní, "Àlàáfíà ni."

Ìwé náà ni n kò mọ ibi tó wọlé sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Àǹtí wá bá mi lábẹ́ igi ọsàn níbi tí mo ti ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ tó sùn. Kò mọ ìwé kà. Ó fà á yọ láti etí aṣọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi. "Kà á fún mi."

Mo wò ó. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni, ó tọ́, ó mọ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo pa rẹ́. Mo kà á. Mo ní, "A kí ọ. Ara aya rẹ le, ara ọmọ rẹ le. Bí àyè bá gbà ọ́, wá wò wọ́n. A ń dúró dè ọ́."

"Ó parí?"

"Ó parí, mà."

"Ibo ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa mi níbẹ̀?"

Mo fi ìka sí ibì kan. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ìka mi ni "ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́". Àǹtí fi ìka tirẹ̀ sí ibẹ̀, ó fi í lọ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O mọ̀wé kọ," ó wí. Ó ká a, ó fi í pamọ́ sí etí aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pẹ̀lú oorun lójú rẹ̀, ó sì gbé e wọlé.